Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú ìyá ìkókó: bí ẹ ṣe lè fi acupuncture kún ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé látìbẹ̀rẹ̀. Acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún àwọn ojú ibì kan lára, ò rọ́pò dókítà o, kò rọ́pò oògùn tí wọ́n ti kọ fún yín, kò sì rọ́pò ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ tẹ́ẹ jókòó tì tẹ́ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń dúró sí. Ó lè ran ìyá ọmọ lọ́wọ́ kí oorun tún máa kùn ún, kí ara tó le gbandi rọ̀, kí àyà tó ń já ṣáá balẹ̀ díẹ̀, kó sì fún un ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹkún pè é. Ìyẹn gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n máa sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ àwọn nìkan ti tó, pé kẹ́ẹ da oògùn nù. Ẹ sá fún irú wọn.

Kí ló ń ṣe yín gan-an?

Nǹkan mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá.

Àkọ́kọ́ lèyí tí wọ́n ń pè ní baby blues. Ní bí ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta téèyàn bímọ, omi á kàn máa dà lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ bínú, wọn ò rẹ́rìn-ín ẹ tún bínú. Nínú 100 ìyá, ó lè tó 80 tó máa rí irú ẹ̀. Họ́mọ́ònù tó já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń fà á, àìsùn náà ò gbẹ́yìn. Kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí ò nílò abẹ́rẹ́ kankan, oúnjẹ àti oorun ló nílò, àti ẹni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ yín.

Ìkejì ni dìpírẹ́ṣọ̀n lẹ́yìn ìbímọ fúnra ẹ̀, òun la wá sọ. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ káàkiri ayé, bíi 13 ni àìsàn ọpọlọ kan ń bá jà, dìpírẹ́ṣọ̀n ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kì í lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tiẹ̀ lè má bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ máa mọ̀ ọ́n tẹ́ẹ bá rí i: ọmọ sùn, ẹ̀yin ò lè sùn. Ẹ ń fún un lọ́mú, ẹ ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí, ẹ ń ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe yín bíi pé ọmọ ẹlòmíì lẹ ń bá a tọ́jú. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Ẹ̀rí ọkàn ń dá yín lẹ́bi lórí nǹkan tí ò tó nǹkan. Inú ń bí yín sí bàbá ọmọ débi pé ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ lásán ti tó bínú. Tàbí kẹ́ẹ má tiẹ̀ sunkún rárá, kí inú kàn ṣófo, kí gbogbo nǹkan má já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìkẹta ni abísínwín. Kò wọ́pọ̀, bí obìnrin kan tàbí méjì nínú 1000 ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi falẹ̀. Lójijì ló máa ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́: ìyá ò sùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta síbẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, ó ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, tàbí pé ẹnì kan fẹ́ pa àwọn. Ẹ má gbé irú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alábẹ́rẹ́, ẹni tó ń ṣe acupuncture, o. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ sínú yàrá, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, ì báà jẹ́ òru.

Ìwé ìbéèrè kan wà tó dáa púpọ̀, Edinburgh Postnatal Depression Scale lorúkọ ẹ̀, John Cox àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde ní 1987. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni, ó ń béèrè bó ṣe ń ṣe yín láti ọjọ́ méje sẹ́yìn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 sí 3, àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ lè tó 30. Tó bá ti tó 10, ẹ lọ rí dókítà, tó bá sì tó 13 sókè, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ dìpírẹ́ṣọ̀n ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, dókítà ló máa sọ ọ́. Ìbéèrè kẹwàá ni kẹ́ẹ fi gbogbo ojú kà, ó ń béèrè bóyá ó ń wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín léṣe. Tí ìdáhùn yín sí ìyẹn bá ti yàtọ̀ sí "rárá", ẹ má ro máàkì yòókù mọ́, ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín lónìí, kẹ́ẹ sì rí dókítà lónìí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ máàkì yẹn àti déètì sílẹ̀ síbì kan, a máa padà lò ó.

Dókítà ló ṣáájú alábẹ́rẹ́

Ìdí ni pé àwọn nǹkan kan máa ń fara jọ dìpírẹ́ṣọ̀n, abẹ́rẹ́ ò sì lè rí wọn. Táírọ́ìdì, ohun kékeré tó wà níwájú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ònù, lè dàrú lẹ́yìn ìbímọ: láwọn oṣù àkọ́kọ́ á máa ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa lù kìkì, ara á máa gbóná, tó bá yá á wá sùn lọ, ara á wúwo, inú á bà jẹ́, irun á máa já, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "ṣebí gbogbo ìyá ọmọ náà ló ń rẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́ ìbímọ náà lè mú kí áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ sílẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀ ò lè dìde bó ti wù kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó. Nítorí náà tẹ́ẹ bá lọ, ẹ fẹnu ara yín béèrè fún tẹ́sìtì ẹ̀jẹ̀, táírọ́ìdì àti áyọ́ọ̀nù. Tẹ́sìtì yìí ò le, àwọn dókítà míì kàn máa ń gbàgbé ni.

Ohun tó ti hàn gbangba pé ó ń ṣiṣẹ́ fún dìpírẹ́ṣọ̀n lẹ́yìn ìbímọ ni bíbá tẹ́ràpísítì, ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, sọ̀rọ̀ lọ́nà tó létò, àti oògùn. Sertraline wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú torí ìwọ̀nba tín-ín-rín ló ń wọ inú wàrà. Ní 2023 wọ́n tún fọwọ́ sí oògùn kan ní Amẹ́ríkà, zuranolone, fún dìpírẹ́ṣọ̀n ẹ̀yìn ìbímọ, ọjọ́ 14 ni wọ́n ń lò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ẹ wò dáadáa rèé. Irú oògùn bíi sertraline kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lè kọjá kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́ tán. Tẹ́ràpísítì náà, níbi púpọ̀ èèyàn á tò sórí ìlà kí wọ́n tó kàn án. Àárín yẹn ló ń ni ìyá ọmọ lára jù, ó ti sọ̀rọ̀ síta, ó ti gba oògùn, síbẹ̀ alẹ́ ṣì ń gùn bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé acupuncture ti wúlò jù, nínú àwọn ọ̀sẹ̀ tí èèyàn ń retí kí nǹkan gidi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá míì sì wà tí tiẹ̀ ò le púpọ̀, tí dókítà ẹ̀ gbà pé kó kọ́kọ́ gbìyànjú tẹ́ràpísítì láìlo oògùn, òun náà lè fi kún un. Àmọ́ tí dìpírẹ́ṣọ̀n bá ti le débi pé èèyàn ò lè jẹun, ò lè tọ́jú ara ẹ̀ àtọmọ, a ò ní fi abẹ́rẹ́ ṣáájú níbẹ̀.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rí ẹ̀ ò tíì lágbára. Ní 2018 àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, wo ìwádìí 64 lórí acupuncture àti dìpírẹ́ṣọ̀n lápapọ̀, àwọn tó lé ní 7000 ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó lè dín in kù dé ìwọ̀n kan tí wọ́n bá fi wé àìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí yẹn ò dáa tó kéèyàn fọwọ́ sọ̀yà. Ìwádìí kan tún wà ní 2010, Rachel Manber àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe é, 150 aláboyún tó ní dìpírẹ́ṣọ̀n. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tó dìídì wà fún dìpírẹ́ṣọ̀n, wọ́n gún àwọn kan síbi tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní másáàjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 63 nínú 100 àwọn tàkọ́kọ́ ni ara wọn ti balẹ̀ dáadáa, tí ẹ bá sì da ẹgbẹ́ méjì yòókù pọ̀, 44 nínú 100 ni. Ó dáa, àmọ́ aláboyún nìyẹn, wọn ò tíì bímọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti bímọ kéré, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pé ara àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ ayédèrú náà ń yá.

Kí nìyẹn wá sọ? Èmi ò rí i bí ohun tó yẹ kó lé yín sá. Ó ṣeé ṣe kí ìdùbúlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ọwọ́ ẹni tó ń ṣètọ́jú yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, ara ìyá tí wọ́n ti ń fà látàárọ̀ ò kúkú ní bi í bóyá abẹ́rẹ́ ni àbí ìsinmi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ kẹ́ẹ mọ ìwọ̀n ìrètí tẹ́ẹ máa gbé lé e, kẹ́ẹ má sì fi owó oògùn tàbí owó tẹ́ràpísítì san owó abẹ́rẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mú alábẹ́rẹ́

Ẹ béèrè láìtijú bóyá ó ní láísẹ́ńsì tàbí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tàbí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ náà níbi tẹ́ẹ wà, kẹ́ẹ sì lọ wo orúkọ ẹ̀ fúnra yín, ẹ má kàn gba ẹnu ẹ̀ gbọ́. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti fisiotẹ́ràpísítì kan náà máa ń kọ́ ọ. Kẹ́ẹ tún béèrè ibi tó ti kọ́ ọ àti bó ṣe pẹ́ tó, ẹni tó kọ́ ọ lópin ọ̀sẹ̀ kan àtẹni tó lo ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ bi í pé: ṣé o ti tọ́jú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rí, kí lo máa ṣe tí mo bá sọ fún ẹ pé mò ń rò láti pa ara mi? Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn tààrà pé òun á pe dókítà yín tàbí òun á rí i pé ẹ dé ọsibítù. Ẹni tó bá ní "àwa máa gún un lọ", ẹ dìde.

Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n sì máa já níṣojú yín. Ike líle kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí wọ́n ń jù ú sí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Tó bá ní òun ti sè é nínú omi gbígbóná, ẹ dúpẹ́ kẹ́ẹ máa lọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún lò lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀ ran èèyàn.

Àgbo àti egbòogi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ alábẹ́rẹ́ ló tún ń fúnni ní egbòogi, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti ṣọ́ra jù. Ohun tẹ́ẹ gbé mì lè dé inú wàrà, ó sì lè bá oògùn yín jà. St John's wort tí wọ́n ń tà kiri fún ìbànújẹ́ nìkan, tí èèyàn bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn bíi sertraline ó lè kó o sí wàhálà gidi, ó tún lè ba iṣẹ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́. Ẹ sọ fún un ní kedere pé abẹ́rẹ́ nìkan lẹ bá wá.

Ẹni tó bá sì ní kẹ́ẹ sanwó ìgbà ogún sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn yín, ọjà ló ń tà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lẹ́nu yín

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ tú gbogbo ẹ̀ fún un. Ìgbà tẹ́ẹ bímọ àti bẹ́ẹ ṣe bí i. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, kò gbọ́dọ̀ gún ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná tàbí itòsí ẹ̀. Àwọn kan tó ṣiṣẹ́ abẹ sì máa ń gba abẹ́rẹ́ ọsibítù tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn lè mú kí ara yín tètè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kó dú, ẹ dárúkọ oògùn náà fún un. Tẹ́ẹ bá ní ibà, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà gan-an, tí ọmú kan wú tó pọ́n tó gbóná, kì í ṣe ọjọ́ acupuncture nìyẹn, ọjọ́ dókítà ni. Ẹ sọ tẹ́ẹ bá ní wárápá, tẹ́ẹ bá máa ń dákú tẹ́ẹ bá rí abẹ́rẹ́, tí mẹ́tààlì bá máa ń yún yín lára. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ nínú àyà tó ń bá ọkàn lù ò gbọ́dọ̀ gba irú acupuncture tí wọ́n ń fi iná bátìrì kún.

Tó bá sì ṣeé ṣe kẹ́ẹ ti lóyún míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ. Èèyàn lè lóyún kí nǹkan oṣù tó padà wá, àwọn ojú ibì kan sì wà, bíi òkè kókósẹ̀ lápá inú àti àárín àtàǹpàkò ọwọ́ pẹ̀lú ìka tó tẹ̀lé e, tí ọ̀pọ̀ alábẹ́rẹ́ kì í gún fún aláboyún.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀

Ẹ jẹun díẹ̀ kẹ́ẹ tó lọ, inú tó ṣófo ló ń mú kí òòyì kọ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tó ṣeé ká sókè dé orúnkún àti ìgúnpá ni kẹ́ẹ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmú wá nìyí, wọn kì í sábà sọ ọ́ fún ìyá ọmọ. Ẹ fún ọmọ lọ́mú tàbí kẹ́ẹ fún wàrà jáde gẹ́rẹ́ kẹ́ẹ tó wọlé, torí ọmú tó kún á máa ro yín tẹ́ẹ bá dùbúlẹ̀, tí ọmọ bá sì ké níta wàrà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ fi nǹkan sínú kọ́múù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ẹ dojú bolẹ̀, ẹ ní ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ lẹ fẹ́ fi lélẹ̀, àga tó ṣeé rọ̀gbọ̀kú sí náà dáa. Abẹ́rẹ́ ò ba wàrà jẹ́, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, ẹ lè fún ọmọ lọ́mú ní gbàrà tẹ́ẹ bá dìde.

Kẹ́ẹ mú ẹnì kan dání tó máa gbé ọmọ o. Tí abẹ́rẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ ò lè dìde gbé e, tí ọmọ bá wá ń ké tẹ́ẹ ń gbọ́ ọ tẹ́ẹ ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ̀rù àti ìbínú ìyẹn á pa gbogbo ohun tẹ́ẹ wá gbà. Kí ẹni náà gbé ọmọ jìnnà díẹ̀, kẹ́ẹ sì bá alábẹ́rẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tọ́mọ bá nílò yín, kó yọ gbogbo ẹ̀ láìjanpata. Kò tó ìṣẹ́jú méjì láti yọ wọ́n.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè pẹ́, oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́, àlá, á lè wo ahọ́n yín, á di ọrùn ọwọ́ yín mú láti gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ju 0.25 mìlímítà lọ, kò níhò nínú bíi ti ọsibítù. Á fi róbà kékeré kan tó dà bí ọ̀pá lé ojú ibẹ̀, á fi ìka ta orí abẹ́rẹ́ náà pẹ́ẹ́, á yọ róbà kúrò. Títa yẹn lẹ máa gbọ́ ju gígún lọ. Lẹ́yìn náà á yí i díẹ̀, ẹ wá lè gbọ́ kí ibẹ̀ wúwo, kó máa fà yín sínú, kó ta yín títí dé ìka. Ìyẹn ò burú, àwọn oníṣẹ́ náà tiẹ̀ ń wá a. Tó bá dùn yín lóòótọ́, ìrora mímú tó ń jó bí iná, ẹ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sún un. Ẹ má fara dà á torí pé ẹ ń tijú.

Ibi tí wọ́n sábà máa ń gún fún ìrẹ̀wẹ̀sì ni àtàrí, tí wọ́n ń pè ní Baihui, àti Yintang láàárín irun ojú méjèèjì lókè imú. Ọrùn ọwọ́ lápá ìka tó kéré jù ni Shenmen, Neiguan wà nínú apá lókè ọrùn ọwọ́, Zusanli wà nísàlẹ̀ orúnkún, Taichong sì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àtèyí tó tẹ̀lé e. Kò dandan kó lo gbogbo ẹ̀. Á fi wọ́n síbẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, á dín iná yàrá kù, á jáde. Ẹ lè sùn. Ẹ lè sunkún náà, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń sunkún níbẹ̀ torí pé ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ táwọn ti bímọ nìyẹn tí ara àwọn jẹ́ ti àwọn nìkan, ẹ jẹ́ kó ṣàn.

Tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ẹ tó dìde. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín tàbí ojú ibi tó dú díẹ̀ ò ṣe nǹkan, oorun tó ń kùn yín náà ò ṣe nǹkan, àmọ́ ẹ má wa mọ́tò tójú yín bá ń ṣú. Ohun tó léwu ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n: abẹ́rẹ́ tó wọlé jù ní èjìká, àyà tàbí ẹ̀yìn lè kan ẹ̀dọ̀fóró. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ń ṣòro láti mí lẹ́yìn tẹ́ẹ délé, ọsibítù ni kẹ́ẹ gbà lọ, kẹ́ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ gba acupuncture. Tó bá jẹ́ tèmi ni, fún ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dé ẹ̀yìn rárá, ibi tó wúlò lápá, lẹ́sẹ̀ àti lórí ti pọ̀ tó.

Ìgbà mélòó, báwo lẹ sì ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan?

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹ dá ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ẹ wá jókòó wò ó. Ẹ má fi bó ṣe ń ṣe yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ dájọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fúyẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó tó di ọ̀túnla ó ti tún padà. Ìwé Edinburgh tẹ́ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kẹ́ẹ máa tún un ṣe. Kẹ́ẹ sì máa kọ nǹkan mẹ́ta sínú fóònù lálaalẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan péré tó: mo sùn nígbà tọ́mọ sùn àbí mi ò sùn, mo jẹun àbí mi ò jẹ, nǹkan kan pa mí lẹ́rìn-ín lónìí àbí kò sí. Ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n dìpírẹ́ṣọ̀n máa ń purọ́ fún èèyàn pé kò sí ọjọ́ kan tó dáa rí, ohun tẹ́ẹ kọ sílẹ̀ ló máa já a.

Ní ti oògùn, bó bá tiẹ̀ ń yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Tẹ́ẹ bá já a lójijì òòyì, èébì àti àìbalẹ̀ ọkàn lè tẹ̀ lé e, àwọn dókítà sì sábà máa ń jẹ́ kí èèyàn lò ó tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara ti yá kó má bàa padà wá. Kí dókítà àti alábẹ́rẹ́ mọ̀ nípa ara wọn. Dókítà míì á fẹ́ bú yín, ẹ ṣáà sọ fún un.

Tẹ́ẹ ò bá lè lọ

Owó lè má sí, ọ̀nà lè jìn, abẹ́rẹ́ lè máa bà yín lẹ́rù. Ẹ lè fọwọ́ tẹ àwọn ojú ibi yẹn nílé. Fún Neiguan, ẹ yí ọwọ́ yín kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, ẹ to ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì sórí ìlà ọrùn ọwọ́, ibi tí ìka kẹta parí sí lápá ìgúnpá, láàárín iṣan méjì tó le yẹn, ibẹ̀ ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe lè fara dà á, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kẹ́ẹ máa mí jinlẹ̀, kẹ́ẹ bọ́ sí ọwọ́ kejì. Shenmen náà wà lórí ìlà ọrùn ọwọ́ kan náà, níbi kòtò kékeré lápá ìka ọmọńdinrín, èyí dáa tẹ́ẹ bá ti dùbúlẹ̀ fún oorun. Ẹ lè ṣe é bí ọmọ ṣe ń mu ọmú lọ́wọ́ tí ẹlòmíì bá bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí tiẹ̀ kéré ju ti abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ kò náni ní nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ gidi ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ẹ má fi gún ara yín, ì báà jẹ́ ẹ ti wo fídíò rẹpẹtẹ.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ìyá ọkọ, ọ̀rẹ́, ẹ má sọ fún un pé kó lọ gba abẹ́rẹ́ kẹ́ẹ wá jókòó. Ẹ bá a pe ibẹ̀, ẹ bá a gba ọjọ́, ẹ gbé e lọ, ẹ gbé ọmọ. Ẹni tí dìpírẹ́ṣọ̀n mú lè má ní agbára láti tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù. Kẹ́ẹ sì gba ọmọ lóru ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán kó lè sùn wákàtí mẹ́rin márùn-ún tààrà, torí acupuncture ò lè san gbèsè oorun tẹ́ẹ ń dá sí i lọ́rùn lóròòru.

Tí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ bá pé tí máàkì Edinburgh ò tíì sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ra òmíràn kún un. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín padà sọ́dọ̀ dókítà, ó lè jẹ́ pé oògùn ló yẹ kó yí padà, tàbí kó fi kún un, tàbí kó wá tẹ́ràpísítì míì. Tí máàkì bá ń gòkè dípò kó sọ̀, ẹ má dúró dé ìgbà kẹfà. Tó bá sì ń sọ̀, ẹ lè sún abẹ́rẹ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lẹ́yìn náà lóṣooṣù, kẹ́ẹ wá jáwọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ má pa á rẹ́ nínú fóònù o, torí ẹni tó bá ti ní dìpírẹ́ṣọ̀n lẹ́yìn ìbímọ kan ṣeé ṣe kó tún ní in lẹ́yìn òmíràn ju ẹni tí kò ní in rí lọ. Tẹ́ẹ bá tún lóyún, ẹ fi han agbẹ̀bí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀.